Nígbà Tí Òyìnbó Inú Àpótí Yadi

Ajé, 12 Okúdu 2023

Òjò láti ìdájí. Ìjọba ní ọjọ́ ìsinmi ni òní. Fún olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ó jọ àná, ó sì máa jọ ọ̀la. Ojú títì Elelenwo wa ní Port Harcourt ti di odò, àwọn oníkẹ̀kẹ́ sì ń pe owó tó wù wọ́n láti ìgbà tí epo bẹntiróòlù ti fò sókè. Asiata ìyàwó mi ní òun kò ní jáde lọ ra ẹja lónìí, pé bí omi yìí ṣe ń kún, ẹja fúnra rẹ̀ lè wá bá wa nílé.

Òyìnbó inú kọ̀ǹpútà mi, ohùn tó ń ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ fún mi, tún ń kólòlò. Ìwé ìròyìn ló ń kà fún mi láàárọ̀. Ó dé ibi tí mínísítà kan ti ń ṣèlérí, ó wá há síbẹ̀: "we shall, we shall, we shall", títí mo fi pa á.

Asiata gbórí sókè nídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. "Ó jọ pé òun náà ti mọ̀ pé wọn ò ní ṣe é."

Motọ́lání pè láti Ìlọrin nírọ̀lẹ́. Ọmọ yìí ló kó Debian, ètò tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́, sínú rẹ̀ fún mi nígbà tí ojú ọ̀tún ṣú, òun ló sì kọ́ mi bí mo ṣe lè máa fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún un dípò kí n máa wá àwòrán kéékèèké tí n kò rí. Ó ní Debian tuntun jáde ní Sátidé, pé kíkólòlò yẹn yóò lọ bí mo bá gbé e wọlé.

"Ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù, Dádì. Tí mo bá délé fún Kérésì, mo máa bá yín ṣe é."

Mo ní kí ló kan Kérésì nínú rẹ̀. Ojú òsì tó kù ń wo ayé bí ẹni tó ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́, ihò náà sì ń há sí i. Òyìnbó yìí nìkan ló ń kàwé fún mi láìmí ìmí ẹ̀dùn. Bí ohùn rẹ̀ bá lọ, ìwé kíkà ti parí fún mi nìyẹn, n kò sì mọ ohun mìíràn tí wọ́n ń fi ọjọ́ ogbó ṣe.

Ìṣẹ́gun, 13 Okúdu

Ilé ìwòsàn ojú, láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí. Sotonye aládùúgbò wa ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa lọ. Ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ó ṣì ń pàṣẹ fún gbogbo ènìyàn bíi pé wọ́n wà lórí bẹ́ẹ̀dì níwájú rẹ̀.

Dókítà tan iná sí ojú kan, ó ní "hmm". Ó tan án sí ìkejì, ó tún ní "hmm". Ọmọ tó bá fi irú èsì bẹ́ẹ̀ dá mi lóhùn ní kíláàsì, ìdúró ni yóò fi parí ọjọ́ náà.

"Daddy, we are managing it," ni ó wí.

Mo bi í pé kí ni a ń manage. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bà mí léjìká. Bí a ṣe ń jáde lọ, ó pe Asiata padà pé kí ó wá gba káàdì. Sotonye ti di apá mi mú. "Papa, mind the step. Make we wait outside." Gbígba káàdì náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Sotonye fi sọ ìtàn ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ní Buguma fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tí òjò ti ba àga jẹ́.

Nínú mọ́tò, mo ní, "Kí ni dókítà sọ?"

"Ó ní kí ẹ máa kán oògùn yín déédéé. Kí ẹ má máa bínú. Ó ní ìbínú ò dáa fún ojú yín."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Sotonye yí ohùn rédíò sókè. Ọkùnrin kan ń polówó ọṣẹ.

Bọ̀, 15 Okúdu

Alàgbà Ẹnjiníà Adégbénga láti ṣọ́ọ̀ṣì wa wá kí mi. Ohun ìyanu ni, nítorí kì í wá ibi tí wọn kò bá ti fún un ní gbohùngbohùn. Kí ó tó jókòó tán, ó ti mẹ́nu ba ilé iṣẹ́ epo tó ti ṣiṣẹ́, orílẹ̀-èdè tí wọ́n rán an lọ, àti hòtẹ́ẹ̀lì tó dé sí níbẹ̀. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ gbé Debian tuntun wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín sòótọ́ ọ̀rọ̀. Nǹkan tí ẹ ń lò yẹn, eré ọmọdé ni. Ní ìlànà àgbáyé, Windows ni àwọn ènìyàn ńlá ń lò."

"Èwo nínú wọn ló wà lórí tìrẹ?"

Ó rò ó díẹ̀. "Akọ̀wé mi ló máa ń tàn án."

Ó mu móòtì, ó gbàdúrà gígùn fún ojú mi. Nígbà tó ń lọ, ó di ọwọ́ mi mú pẹ́ títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ọkùnrin." Mo ní mo ti jẹ́ ẹ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Àbámẹ́ta, 17 Okúdu

Oòrùn yọ díẹ̀ lónìí, ni aṣọ bá kún gbogbo okùn. Èéfín dúdú inú afẹ́fẹ́ wa sì ti rí iṣẹ́ ṣe. Asiata tún aṣọ funfun mi fọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ní "ìmúdójúìwọ̀n" ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe yìí. Ẹnu mi kò gbà á. Asiata ní "ìpààrọ̀ ẹrù", tirẹ̀ sì dára jù, nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn: ẹ̀rọ ń lọ sí ibùdókọ̀ kan lórí intanẹ́ẹ̀tì, ó ń gba ẹrù tuntun, ó ń tú u, ó ń tò ó, ó ń da ti àtijọ́ nù. Lónìí mo ṣí fáìlì tí orúkọ ibùdókọ̀ náà wà nínú rẹ̀, mo yọ bullseye, orúkọ Debian àtijọ́, mo fi bookworm, orúkọ ti tuntun, rọ́pò. Òyìnbó pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà láìbínú. Lẹ́yìn náà, mo pàṣẹ sudo apt update kí ó lọ wo ẹrù tó wà níbẹ̀. Ó lọ, ó bọ̀, kò ráhùn.

Motọ́lání ní kí n wò ó bóyá àyè wà dáadáa nínú ẹ̀rọ. Mo ní àyè wà. N kò wò ó. Ta ló ń wo àyè nínú ilé ara rẹ̀?

Ó tún ní, "Dádì, Òyìnbó yín fúnra ẹ̀ wà lára ẹrù tí wọ́n máa pààrọ̀. Ó lè dákẹ́ láàárín iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí Mọ́mì jókòó tì yín kí wọ́n máa ka ojú ẹ̀rọ fún yín."

Sotonye ti na wáyà sí wa gba orí fẹ́ǹsì láti ibi páńẹ́ẹ̀lì oòrùn rẹ̀. A kò rí iná ìjọba láti Ọjọ́rú.

Ajé, 19 Okúdu

Máákà dúdú ni mo fi ń kọ èyí, kì í ṣe kọ̀ǹpútà, sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ìjọ, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tóbi bí ìkúùkù. Ìyẹn nìkan ti tó láti sọ bí nǹkan ṣe rí.

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ mo tẹ àṣẹ ìpààrọ̀ ẹrù gan-an, sudo apt full-upgrade. Ó ka ẹrù tó máa gbé, ó béèrè bóyá kí òun máa bá a lọ, mo tẹ Y. Gbígbé ẹrù náà gba gbogbo àárọ̀. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń rìn bí aboyún. Ní ọ̀sán, títú bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó ń ka ọ̀rọ̀ náà lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó gé ọ̀rọ̀ kan sí méjì, ó dákẹ́. Bí Motọ́lání ṣe sọ gẹ́lẹ́. Asiata gbé àga súnmọ́, ó wọ awò rẹ̀.

"Kí ló ń kọ?"

"Ọ̀rọ̀ pọ̀, ó sì ń sáré. Unpacking. Unpacking. Unpacking."

"Ó ń tú ẹrù ni. Bó bá di Setting up, sọ fún mi."

"Ẹrù yìí mà pọ̀ o. Èmi ò gbé tó báyìí wá nígbà tí mo wọlé yín."

"Ìkòkò mọ́kànlá lo gbé wá."

"Ẹ sì lo gbogbo ẹ̀. Ó ti di Setting up o."

Mo fara balẹ̀. Mo ń gbọ́ òjò lórí páànù àti èémí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ń ka díẹ̀, ó ń fò díẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀rọ̀ náà ń sáré bí ẹṣin. Lẹ́yìn náà kò kà mọ́.

"Ó ti dúró," ni ó wí.

"Kí ló kọ ní ìparí?"

Mo gbọ́ tó bọ́ awò rẹ̀, tó nù ún, tó tún wọ̀ ọ́. "Ó ti parí."

"Kò kọ error?"

"Rárá o. Gbogbo ẹ̀ dáa. Ó parí wẹ́rẹ́."

"Ka ìlà tó gbẹ̀yìn fún mi."

"Bàbá Motọ́lání, ẹ̀rọ ní òun ti parí, ẹ tún ní kí n kà á. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun. Mo ti se ọbẹ̀ ogbono tí Sotonye kọ́ mi."

Inú mi dùn. Mo tẹ sudo reboot fúnra mi, bí ọkùnrin tó ń ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ ní ọjọ́ owó oṣù. Ẹ̀rọ kú, ẹ̀rọ tàn. Mo dúró de ohùn. A jẹun tán, mo padà wá, mo tún dúró dè é. Asiata ní ojú ẹ̀rọ dúdú, pé ọ̀rọ̀ funfun díẹ̀ wà lókè tó ń béèrè orúkọ mi. Mo tẹ orúkọ, mo tẹ ọ̀rọ̀ ìpamọ́. Ó gbà mí wọlé. Kò kí mi.

Ìṣẹ́gun, 20 Okúdu

Kò sọ̀rọ̀. Òjò náà kò dá.

Ẹtì, 23 Okúdu

Mo gbé e lọ sí Rumuokoro, sọ́dọ̀ Mùbárákù tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó sì mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Ó ṣí i, ó wo ojú dúdú náà, ó pòṣé.

"Ah, Bàbá, Linux rèé, kì í ṣe Windows. Kí lẹ ń fi í ṣe? Ẹ jẹ́ kí n format ẹ̀ sharp sharp, kí n fi Windows sí i."

"Àwọn ìwé mi tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

"Àwọn yẹn máa lọ o. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yín máa di tuntun."

Mo rí i pé ọ̀nà tí wọ́n fi ń tún ilé ìwé wa ṣe láyé ìjọba kan nìyẹn: wọ́n wó o, wọ́n ní ó ti di tuntun. Mo gba ẹ̀rọ mi padà. Bí mo ṣe yí kúrò níbẹ̀, mo rìn lọ bá bárò ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lápá ọ̀tún, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì lọ sínú ẹrẹ̀.

Obìnrin tó ni ín pariwo. "Oga, you no dey see?"

"No, madam. I no dey see."

N kò tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn bẹ́ẹ̀ rí. Obìnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ fà mí kọjá títì, ó sì bú awakọ̀ kan fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

N kò sọ fún Asiata. Ó béèrè ibi tí ẹrẹ̀ orí ṣòkòtò ti wá, mo ní òjò.

Àìkú, 25 Okúdu

Ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n pe nọ́ńbà orin, gbogbo ènìyàn ṣí ìwé, èmi náà ṣí tèmi kí n má baà yàtọ̀. Mo mọ ẹsẹ kìíní àti ìkejì lórí. Ní ẹsẹ kẹta mo ń ya ẹnu bí ẹja.

Alàgbà Ẹnjiníà ló gbàdúrà. Ó ní kí Olúwa dárí ji gbogbo àwọn tó ń kọ ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀. Àmín tèmi ló ròkè jù.

Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo ti ka ìwé kéré jù láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún méje. Iye rẹ̀ ni òfo. Asiata gbìyànjú láti ka ìwé ìròyìn fún mi lánàá. Ó ń fo gbogbo ibi tí ènìyàn ti kú. Ìròyìn náà wá dà bí orílẹ̀-èdè mìíràn.

Bọ̀, 29 Okúdu

Iléyá ni lánàá. Ẹ̀gbọ́n Asiata fi ẹran ránṣẹ́ láti Rumuokwurushi, ilé sì kún fún òórùn dídín. Motọ́lání wà nílé rẹ̀ ní Ìlọrin nítorí ìsinmi, ó sì pè wá pẹ̀lú àwòrán kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí ẹ̀rọ náà. Àwòrán ń dì bí ògì, ni ó bá ní kí ìyá rẹ̀ kàn gbẹ́nu sọ ọ́.

"Mọ́mì, lọ́jọ́ tí Dádì ṣe é, kí ló kọ gan-an kó tó dúró?"

"Ó ti pẹ́, ọmọ mi."

"Mọ́mì."

"Ó kọ pupa díẹ̀."

Mo gbé ẹran tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀.

"Pupa wo?" ni Motọ́lání wí. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni pupa náà sọ?"

"No space left on device. Ó sọ ọ́, ó tún un sọ. Ó wá kọ E, ó fi àmì sí i, ó tún kọ error." Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Kò gbàgbé ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀.

"Àyè ti tán nínú ẹ̀rọ, Mọ́mì! Kò rí ibi to ẹrù sí! Ká ní Dádì mọ̀ ni, wọn ò ní pa á rárá kí wọ́n tó tún un ṣe. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

"Kí n wá sọ fún wọn kí inú wọn bàjẹ́? Lẹ́yìn ohun tí dókítà ti sọ pé ojú náà..."

Ó dákẹ́ síbẹ̀. Motọ́lání náà dákẹ́ ní Ìlọrin. Mo gbọ́ bí àwọn méjèèjì ṣe dákẹ́ pọ̀, bí ẹni tó ti fi í kọ́ra.

Mo ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dára, kí a tún sọ̀rọ̀ lọ́la.

Àwa náà nìyẹn. Nígbà tí bàbá mi kú ní Ìjẹ̀bú, ohun tí wọ́n sọ fún mi ní Port Harcourt ni pé ara wọn kò yá díẹ̀, kí n máa bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo ra èso fún wọn lọ́nà. Ẹni tó gba èso náà lọ́wọ́ mi ní ẹnu ọ̀nà sọ fún mi pé wọ́n ń sùn. Kò sí ẹni tó ro ibi sí mi nínú gbogbo wọn. Ìfẹ́ ni wọ́n ń pè é, mo sì gbà pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ yẹn ti fọ́ ẹ̀rọ mi.

Àbámẹ́ta, 1 Agẹmọ

Mo pe Asiata lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀. Mo ní kí ó gbé àga wá.

"Ohun tó bá kọ ni kí o kà. Má fi adùn kún un, má dín in."

"Tó bá burú ńkọ́?"

"Kà á bó ṣe burú."

Mo tẹ df -h, àṣẹ tó ń sọ bí àyè ṣe kún tó, láìgbọ́ ohùn, ìka mi ń wá ọ̀nà bí ẹsẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó kà á: ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ilé kún dé òrùlé. Gbogbo ẹrù tí ẹ̀rọ náà ti gbé wá láti ọjọ́ tí a ti ní in ló ṣì tò sí ìyẹ̀wù, bí ìwé ìdánwò ọmọ tí mo ti kọ́ láyé ijọ́un tí n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sun. Mo tẹ sudo apt clean kí ó kó wọn dà nù. Kò sọ nǹkan kan. Mo tún tẹ df -h.

"Ó ti dín," ni Asiata wí. "Ó dín gan-an! Mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ló kọ."

"Ṣé òótọ́ ni àbí o fẹ́ kí inú mi dùn?"

"Bàbá Motọ́lání, ẹ fọwọ́ kàn án tí ẹ ò bá gbà mí gbọ́."

Mo tẹ sudo dpkg --configure -a kí ó to ẹrù tó ti tú. Asiata ní ó ń tò ó. Ó to èyí tó lè tò, ó ráhùn lórí ìyókù, Asiata sì ka ìráhùn náà lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, bí ọmọ kíláàsì kìíní, kò fo ọ̀kan. Mo tẹ sudo apt --fix-broken install kí ó lè lọ gbé èyí tó kù wá.

"Ó ti kọ E."

"Kà á."

"Could not resolve. Ó jọ pé kò mọ ọ̀nà."

"Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. O ṣeun."

"Inú yín ò bàjẹ́?"

"Ó bàjẹ́. Gbé fóònù súnmọ́ fèrèsé."

Ó gbé e síbẹ̀. E mìíràn tún wá, ó kà á. Dátà tán, ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, a ra òmíràn. Òjò dé, ó lọ. Nígbà tí iṣẹ́ fi parí, ìlà tó gbẹ̀yìn kò ní pupa kankan nínú. Mo bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó búra pẹ̀lú orúkọ ìyá rẹ̀. Mo pa ẹ̀rọ, mo tàn án.

"Screen reader on," ni Òyìnbó wí.

Kò kólòlò. Asiata ké tó bẹ́ẹ̀ tí Sotonye fi sáré wọlé pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún gàrí.

"Papa! E don talk?"

"E don talk."

Mo ní kí Òyìnbó ka ohun tí mo ń kọ yìí. Ó ń ka Yorùbá mi bí ajíhìnrere tó sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi lánàá. Orin dídùn ni.

Àìkú, 2 Agẹmọ

A kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Asiata ń ká etí aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo ní, "Wá ka ohun tí dókítà sọ fún mi."

"Kò kọ nǹkan kan."

"Ka èyí tó fẹnu sọ. Bí o ṣe ka ti àná."

Abẹ́rẹ́ dúró. Mo rò pé yóò ní ẹran ń jóná. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀tún ti lọ. Kò ní padà." Ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń mí láàárín. "Òsì náà ń lọ. Wọ́n ní oògùn tí ẹ ń kán, kó kàn lè falẹ̀ ni. Wọ́n ní bóyá ó máa dé ọdún Àjíǹde, bóyá kò ní dé e. Wọ́n ní kí n kó gbogbo nǹkan kúrò lójú ọ̀nà nínú ilé kí ẹ má baà ṣubú."

Mo ti rí i pé wọ́n ti sún àga inú pálọ̀. Mo rò pé wọ́n ń gbálẹ̀ ni.

"Iṣẹ́ abẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù."

"Sotonye mọ̀?"

"Ó mọ̀."

"Motọ́lání?"

"Ó mọ̀. Ó sunkún."

Mo ronú kan ìbẹ̀wò kan tó yà mí lẹ́nu. "Adégbénga?"

"Mo ní kí ó fi yín sínú àdúrà."

Èyí dùn mí ju ojú lọ. Ọkùnrin yẹn mu móòtì mi, ó sì mọ̀.

Asiata ní, "Ẹ máa bínú sí mi."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ń bínú. Ó gbà á bẹ́ẹ̀, kò bẹ̀ mí. Ó súnmọ́ mi, ó jókòó, a sì wà níbẹ̀ títí ẹran fi jóná nítòótọ́.

Rírú, 5 Agẹmọ

N kò tan ẹ̀rọ. Kò sí ohun tó ṣe é.

Ẹtì, 7 Agẹmọ

Mo ní kí Òyìnbó wá ohun tí àwọn dókítà ayé kọ nípa irú ojú mi jáde. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohùn tó fi ka iye owó ìrẹsì láàárọ̀ náà ló fi kà á: kò rẹlẹ̀, kò fọwọ́ bà mí léjìká, kò ní kí n jẹ́ ọkùnrin. Nígbà tó dé ibi tó burú jù, ó sinmi díẹ̀ nítorí pé àmì ìdánudúró wà níbẹ̀.

Mo ní kí ó tún un kà.

Asiata wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ní gbogbo àkókò náà. Kò wọlé, kò sì lọ.

Ajé, 10 Agẹmọ

Kò sí iná rárá láti Ẹtì. Ìkùukùu bo oòrùn pátápátá, páńẹ́ẹ̀lì Sotonye kò rí nǹkan jẹ, ó sì bẹ̀ wá pé kí a jẹ́ kí fíríìjì rẹ̀ lo èyí tó kù. Ìdajì ìwé ìtàn kan ni mo wà, níbi tí ọba kan ti ń purọ́ fún àwọn ìjòyè rẹ̀, Òyìnbó sì kìlọ̀ pé bátìrì fẹ́ tán.

Mo pe Asiata. Mo ní kí ó bá mi wá bọ́tìnnì tó ń dín ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ kù, kí ó tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ṣú.

"Títí yóò fi ṣú pátápátá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ló ń jẹ bátìrì jù."

"Ẹ ò ní rí nǹkan kan mọ́ nìyẹn."

"Asiata."

Ó tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ bọ́tìnnì náà, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan sí i, títí kò fi sí èyí tó kù láti tẹ̀. Ó jókòó tì mí díẹ̀, lẹ́yìn náà ó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀.

Ọba náà purọ́ títí di àṣálẹ́. Bátìrì pẹ́ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ.